Píkọ́ọ̀pù Alága Tí Kò Gbọdọ̀ Dọ̀bálẹ̀

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Corvane, ní ìwọ̀-oòrùn Nebraska, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí afẹ́fẹ́ sì máa ń ṣí fìlà lórí àgbà láì bẹ̀bẹ̀, a ní alága kan rí. Verlon Hapgood ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní Verlon lásán, kò ní dáhùn. Bí ẹ bá pè é ní Alága, yóò yí ọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Alága Àgbà, Baba Títì, Olùdarí Gbogbo Afárá," nígbà náà ni yóò yọ eyín sí yín, tí yóò sì bi yín pé báwo làwọn ọmọ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ lè má tíì bímọ rárá.

Iṣẹ́ alága nílùú wa kò ju kí ó rí i pé wọ́n dí kòtò ojú títì, kí ó sì fọwọ́ sí i bí wọ́n bá fẹ́ ra òkúta wẹ́wẹ́. Verlon ló sọ ọ́ di oyè. Nígbà tí wọ́n ri páìpù omi kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀nà oko, páìpù tí kò gùn ju ẹṣin méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ, ó pe gbogbo ayé jọ. Ó fi àlùmọ́gàjí gé rìbọ́ọ̀nù, ó sì sọ̀rọ̀ títí yìnyín fi yọ́ tán nínú ife wa.

"Lọ́jọ́ iwájú," ó ní, ó na ìka sókè, "àwọn ọmọ wa yóò béèrè pé, ta ló fi ọ̀nà han omi? Kí ẹ dá wọn lóhùn láìfọ̀tá pè! Kí ẹ ní, Hapgood ni!"

Lyle Pomeroy, akọ̀wé rẹ̀, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Lyle a máa pàtẹ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ tó parí, nígbà mìíràn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá.

Ọkùnrin náà kúrú. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ẹni tó dá ọ̀rúnlá ló dá ilá. Ṣùgbọ́n Verlon gbà pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín gíga, pé ti òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bàtà rẹ̀ ní gìgísẹ̀, fìlà rẹ̀ ga bí ilé agogo ìjọ, ó sì ra píkọ́ọ̀pù pupa kan tó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ni Verlon ti máa ń rí ara rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí ó rí.

Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjà màlúù. Alága gúnlẹ̀, ó páàkì síwájú ọkọ̀ Orval Speck, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti wá gba ìkíni. Orval jẹ́ baba olóko kan, àgbà tí oòrùn ti sá ojú rẹ̀ bí awọ gàárì. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń jẹ èso òdòdó oòrùn, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo píkọ́ọ̀pù pupa náà títí.

"Alága wa," ó ní, "ṣé kò sí o? Ọkọ̀ yín ń dọ̀bálẹ̀ fún tèmi."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ wò ó. Imú nílẹ̀, ìdí lókè. Ìdọ̀bálẹ̀ wo ló tún kù?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ilé ire ló ti wá. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó dìde, mo ti gbọ́ kíkí rẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Ẹni tó ń kéde owó màlúù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé màlúù tó ń tà. Ẹni tó ń rà á náà gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí á má parọ́ mọ́ ọkọ̀ náà. Òótọ́ ni pé imú rẹ̀ relẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo píkọ́ọ̀pù, kí ó lè jẹ́ pé bí èèyàn bá di koríko tàbí òkúta sẹ́yìn rẹ̀, ìdí á wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tẹ́. Ẹni tó ń kẹ́rù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alága kì í kẹ́rù. Ohun tó wúwo jù tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbé rí ni àga tó máa ń jókòó lé níbi ayẹyẹ. Ti Orval ńkọ́, tó gbé imú sókè bí ọmọ ọba? Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti kú. Ogún ọdún koríko àti ọmọ màlúù ló pa á. Ọkọ̀ tó ti darúgbó ni Alága bẹ̀rẹ̀ sí í jowú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Marlys ìyàwó rẹ̀ jáde sẹ́yìnkùlé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó dojú bolẹ̀ nínú koríko, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń wo píkọ́ọ̀pù láti ẹ̀gbẹ́.

"Verlon, kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Marlys, wò ó dáadáa. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó tẹríba?"

"Ta ló tẹríba?"

"Ọkọ̀."

"Ọkọ̀ ni. Dìde, èèrà ti ń gun ọrùn rẹ."

Ó dìde lóòótọ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò bá a dìde. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọjà nínú etí rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, ó ń gbọ́ ọ nígbà tó ń fọ eyín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Doyle Kemp.

Doyle ni àbúrò Marlys. Mẹkáníìkì ni. Ọwọ́ rẹ̀ kò burú, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe "rárá," pàápàá bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bá jẹ́ alága tó ń kó gbogbo ọkọ̀ ìjọba wá fún un tún ṣe.

"Kò le, Ọ̀gá," ni Doyle wí. "A ó ti irin rìbìtì kan sórí sọ́ọ̀kì iwájú, lọ́tùn-ún àti lósì. Imú á gbé sókè, á bá ìdí dọ́gba. Ìgbà yẹn ni táyà ńlá á tó gba abẹ́ rẹ̀."

"Báwo ni táyà ọ̀hún ṣe lè tóbi tó?"

"Bó bá ṣe wù yín."

"Èyí tó tóbi jù ní gbogbo Nebraska."

Doyle họ orí. "Ìyẹn lè máa ha ara ìbòrí táyà o, tí ẹ bá yí sítíárì tán pátápátá."

"Doyle," ni Alága wí, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní láti na ara kó tó tó o, "èmi kì í yípadà. Iwájú ni mò ń lọ."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Ọ̀gá."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, píkọ́ọ̀pù náà dúró gbọnran lórí táyà dúdú tó fẹ̀ bí àgbá. Verlon yí i po. Omijé lé ròrò sí ojú rẹ̀. Doyle mú súkúrúdíráfà kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọkọ̀.

"Kí lo tún fẹ́ ṣe?"

"Iná ni, Ọ̀gá. Bí imú ṣe gòkè yìí, iná á máa wo ojú àwọn èèyàn. Kí n yí i wálẹ̀ díẹ̀."

Alága tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. "Lẹ́yìn gbogbo ìyà tí mo jẹ kí imú má baà wolẹ̀, ojú ni kó wá wolẹ̀?"

Ìdáhùn wà sí ìbéèrè yẹn. Doyle mọ̀ ọ́n. Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìjọba wá síta láti wá wo ọkọ̀. Lyle gbé lẹ́fẹ́lì bíríkìlà kan, irú èyí tí ìhó kékeré inú gíláàsì rẹ̀ máa ń dúró láàárín bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá tẹ́, lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá, wọ́n ń tẹ̀ ba, wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n rí.

"Àárín gan-an ló wà, Alága."

"Kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì, bí ìdájọ́ yín, Alága."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀ka omi ní òun rò pé ó fì sósì díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú láti máa gé koríko. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í jiyàn.

Lyle wá bọ́ sórí àtẹ̀gùn, ó na apá méjèèjì. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin òṣìṣẹ́! Ọkọ̀ àwọn alága yòókù, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Tiwa nìkan ló ń wo ojú ayé! Ẹ jẹ́ kí ìran tó ń bọ̀ gbọ́ pé nígbà ayé Hapgood, Corvane kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága fẹ́ wọ ọkọ̀ kó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dé ibi ìtẹ̀sẹ̀ mọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Lyle sáré gbé àpótí wá. Láti ọjọ́ náà, àpótí ti di ara ọ̀ṣọ́ ìjọba. Wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n kọ orúkọ Alága sí i lára, Lyle sì ń gbé e kiri bí ẹni tó gbé ọ̀pá àṣẹ.

Oòrùn kì í pẹ́ wọ̀ níbí bí ìgbà ìkórè bá ti ń parí lọ. Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọkọ̀ Alága láì rí i. Wọn kì í rí ọkọ̀, wọn kì í rí ọ̀nà, wọn kì í rí ọwọ́ ara wọn. Funfun gbòò ni gbogbo nǹkan. Ẹnìkan wa ọkọ̀ wọ oko àgbàdo. Pásítọ̀ kan wí pé òun rò pé Olúwa ti dé, ó sì dùn ún nígbà tó rí i pé Verlon ni.

Nadine Voss, obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, wá sí ìjókòó ìgbìmọ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ẹni tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń gbé, àti èyí tó máa ń bì lójú ọ̀nà.

"Alága, ẹ dákun. Iná yín ń fọ́ wa lójú. Ọmọ ni mò ń gbé."

Alága fẹ̀yìn ti àga. Ó ti ń retí ìbéèrè tó yẹ ẹnu rẹ̀. "Arábìnrin Voss, bí oòrùn bá yọ lówùúrọ̀, ta ló máa ń lọ bá a pé kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀?"

"Oòrùn kì í pàdé mi lójú títì, Alága. Òkè ló ń gbà."

Ẹ̀rín tún bú, irú ẹ̀rín ọjà màlúù yẹn gan-an. Ojú Verlon pọ́n. Níbẹ̀ náà ló ti ṣe òfin: láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, ọkọ̀ yòówù tó bá pàdé ọkọ̀ Alága, kó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, kó dúró, títí Alága yóò fi kọjá. Lyle ní kí wọ́n fi kún un pé kí awakọ̀ ṣí fìlà. Ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ló kù. Ọ̀kan ń sùn. Èkejì ló ń ta òkúta wẹ́wẹ́ fún ìjọba. Ó gbé ọwọ́ sókè kíá, ó sì bá èyí tó ń sùn gbé tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe di òfin. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nítorí ibi tí ẹ̀rín ti tán la dé yìí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Alága ń ti ibi àsè àwọn ẹlẹ́ran bọ̀, ikùn rẹ̀ kún, ọkàn rẹ̀ dùn. Ó rí bọ́ọ̀sì òfeefèé kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Bọ́ọ̀sì náà dẹ ìrìn. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún sún. Ó sún títí ó fi rọra wọ kòtò, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ayọ̀ kún inú Verlon. Ẹ wo ìgbọràn! Ẹ wo ọ̀wọ̀! Ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì láti fi dúpẹ́, ó juwọ́, ó sì kọjá lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, Nadine kò rí nǹkan kan bí kò ṣe funfun. Ó rántí òfin, ó fẹ́ yà, ilẹ̀ sì yọ̀ lábẹ́ táyà. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi bọ́ọ̀lù wó lu ara wọn, wọ́n ń ké pe ìyá wọn. Nadine na ọwọ́ láti di èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú, ọwọ́ náà sì há sáàárín irin, ó ṣẹ́. Kò sí ọmọ tó kú, a dúpẹ́. Ọmọbìnrin kan fẹnu gbá ìjókòó, eyín iwájú rẹ̀ sì wà nínú kòtò yẹn títí dòní. Orval Speck ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Òun ló ń gba ojú fèrèsé fa àwọn ọmọ jáde, tó ń kó wọn sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ń wí pé, "Ó ti tó, ó ti tó, bàbá wà níbí."

Lyle gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ro bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Alága, ó rí i pé kò sí ìyìn kankan nínú rẹ̀, ó sì dákẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Alága wọ ilé rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, bó ti máa ń ṣe, kò mọ nǹkan kan.

"Lánàá," ó ní, ohùn rẹ̀ ń mì, "mo rí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀wọ̀. Kò yà fún mi lásán. Inú kòtò ló wọ̀ fún mi! Mo ní kí gbogbo Corvane fi í ṣe àwòkọ́ṣe!"

Gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ nídìí kọfí wọn. Àwọn ìyá tó ń fi omi gbígbóná tẹ ọmọ wọn lára gbọ́ ọ. Nadine náà gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n ti fi bandéèjì líle di apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà.  Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun pa rédíò.

Nígbà tí Verlon délé, Marlys dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ kó wọlé.

"Ọwọ́ Nadine ti ṣẹ́, Verlon."

"Nadine wo?"

"Èyí tó wọ kòtò fún ọ."

   Verlon padà sídìí ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé iná iwájú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti lọ bá Nadine tààrà, ìtàn yìí ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Lyle dé.

"Ẹ tọrọ àforíjì kẹ̀? Tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀? Alága, ẹ rán òdòdó sí i. Òdòdó kì í jẹ́wọ́."

Wọ́n rán òdòdó. Rìbọ́ọ̀nù tó wà lára rẹ̀ fẹ̀ ju òdòdó lọ: LÁTI ỌWỌ́ ALÁGA ÀGBÀ, BABA TÍTÌ. Nadine ní kí wọ́n gbé e fún màlúù Orval. Màlúù jẹ òdòdó, ó sì fi rìbọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Ọjọ́ ṣíṣí afárá tuntun ló wá parí ohun gbogbo. Gómìnà ti ní òun máa wá. Alága ti ní kí wọ́n gbẹ́ òkúta ńlá kan fún etí afárá náà, òkúta dúdú tó ń dán, orúkọ Verlon gbòòrò lókè, orúkọ afárá tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ni yóò fi píkọ́ọ̀pù gbé e wá, níwájú gbogbo ènìyàn.

Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé òkúta náà sẹ́yìn ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ lọ sílẹ̀ gbì! Ṣé ẹ rántí pé Doyle ti mú imú àti ìdí dọ́gba nígbà tí ọkọ̀ ṣófo? Bí ẹrù ṣe wá sílẹ̀ lẹ́yìn báyìí, imú gbéra, ó kọjú sókè bí ajá tó ń hu sí òṣùpá. Verlon gun àpótí, ó wọlé. Lyle jókòó tì í. Níwájú wọn, bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa bo gbogbo ayé.

"Kí lẹ rí, Alága?" ni Lyle béèrè.

"Sánmà."

"Ó yẹ yín, Alága."

Wọ́n ṣí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń fun kàkàkí ti kọjá síwájú. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ títì lápá méjèèjì. Verlon ń juwọ́. Kò sí ẹni tó juwọ́ padà. Ó rò pé bóyá wọn kò rí òun, ó ṣí fèrèsé, ó yọ apá méjèèjì jáde tán, ó fi orúnkún di sítíárì mú. Ìdákẹ́jẹ́ náà wúwo ju òkúta ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Ó gbọ́ ohùn Orval nínú rẹ̀ ketekete.

"Ó ti dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ o. Àṣé ó kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dun Verlon jù.  

Kí títì tó dé afárá, ó ṣẹ́ kọ́nà sọ́tùn-ún. Gbogbo ọmọ Corvane mọ kọ́nà yẹn. Verlon mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n sánmà kì í ní kọ́nà. Lyle ló ké.

"Ẹ yà! Alága, ẹ yà!"

Verlon yí sítíárì. Ó yí i tán pátápátá. Táyà tó tóbi jù ní Nebraska ha mọ́ ìbòrí rẹ̀, ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ó há síbẹ̀, kò yí mọ́. Ọkọ̀ ẹni tó ní iwájú nìkan ni òun ń lọ sì lọ síwájú. Ó kúrò lórí títì, ó já wáyà ọgbà ìbọ́ màlúù, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìkánjú, bí ọlọ́lá tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì wọ adágún tí ìgbẹ́ gbogbo màlúù oko náà ń ṣàn sí. Òkúta yọ̀ jáde lẹ́yìn. Ó rì. Orúkọ gbòòrò ló kọ́kọ́ wọlẹ̀.

Lyle gun orí ọkọ̀ bí ológbò. Ó wo ìsàlẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn, ó sì kígbe sí ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin lẹ fà á! Ẹ̀yin lẹ fà á!" Ẹnu tó ti ń yin ín láti ìgbà tó gorí àga ni o.

Gómìnà wà lórí afárá pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bo imú. Àwọn ènìyàn dúró sí etí títì, wọ́n ń wò. Kò sí ẹni tó mira. Adágún náà ń gun ilẹ̀kùn ọkọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, Verlon sì ń wo àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ń wá ojú kan tí yóò yọ́ sí i. Ìbẹ̀rù bà á, ìbẹ̀rù gidi, irú èyí tí kò mọ oyè ẹni.

Nadine Voss ló bọ́ síwájú, apá rẹ̀ nínú bandéèjì.

"Orval, ẹ fà á jáde."

"Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ ná," ni Orval wí.

"Ẹ fà á jáde, mo ní. Bí ẹnìkan bá wọ kòtò, èmi kì í fọn fèrè sí i kí n sì kọjá."

Orval tu èèpo ẹnu rẹ̀ nù. Ó lọ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó ti darúgbó dojú kọ adágún, ó ju okùn. Verlon so ó mọ́ ìbàdí, wọ́n wọ́ ọ jáde. Fìlà ti lọ, bàtà onígìgísẹ̀ kan ti lọ. Ó dúró níwájú Nadine, nǹkan aláwọ̀ ewé ń kán tó, tó, tó láti orí rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ẹ lọ wẹ̀ ná, Alága," ni Nadine wí.

Ìbò dé. Èyí tí Verlon rí kò lè kún bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ kan. Lyle dìbò fún ẹlòmíràn ní gbangba, kí alẹ́ tó lẹ́ ni wọ́n sì ti rí i níbi tí ẹni tuntun náà ti ń sọ̀rọ̀, tó ń pàtẹ́wọ́. Doyle ní òun kò mọ ibi tí òun tẹ̀ka sí. Marlys kò sọ tirẹ̀, Verlon kò sì bi í. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ pupa padà sí ṣọ́ọ̀bù, òórùn adágún ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀, ó ní kí Doyle yọ irin, kó yọ táyà, kó sì yí iná wálẹ̀. Doyle ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Kò pè é ní Ọ̀gá.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó sílé. Tẹlifóònù kò dún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ń bọ́, ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kékeré Marlys, ó lọ sí ilé oúnjẹ Twyla níbi tí gbogbo ìlú ti ń jẹun àárọ̀. Orval wà níbẹ̀. Àwọn òbí àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Nadine jókòó nìkan nídìí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì bá ẹran àwo rẹ̀ jà, ẹran ń sá.

Verlon ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé. Ó gùn, ó lẹ́wà, àánú wà nínú rẹ̀, ìtàn ìdílé Hapgood náà wà nínú rẹ̀. Ó dúró láàárín ilé, ó wú ikọ́, ó gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ̀yin..."

"Ẹyin mélòó?" ni Twyla ké láti ìdí ààrò. Ẹ̀yìn ló kọ sí i, ariwo òróró kò sì jẹ́ kó gbọ́ dáadáa.

 Ọwọ́ Verlon ṣì wà lókè. Ó wò ó bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Méjì," ó ní.

Ó rìn lọ sídìí fèrèsé. Kò sí ẹni tó dìde fún un, kò sí ẹni tó yà fún un, ó ní láti máa fẹ̀gbẹ́ gba àárín àga kọjá, ó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́." Ó dúró níwájú Nadine.

"Nadine," ó ní, "mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má bínú."

Ó dúró, bí ẹni tó ń wá ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìyókù.

 Nadine kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní òun ti dárí jì í. Ó ti àwo rẹ̀ síwájú, ó gbé ọ̀bẹ lé e.

"Ẹ bá mi gé ẹran yìí," ó ní. "Ẹ gé e wẹ́wẹ́."

Verlon fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.